Ta Ló Ń Tọ́ Ọmọ Ọdún Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún?

Tí ilé ìwé bá wọlé ní oṣù Ṣẹ́rẹ́, tí àwọn òbí ń mú ọmọ wọn wá sí Grade 8 lọ́dọ̀ wa ní gúúsù Johannesburg, ọ̀rọ̀ kan náà ni púpọ̀ nínú wọn máa ń bá mi sọ lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì. "Mà, mo fà á lé yín lọ́wọ́ o. Ọmọ yín ni. Bó bá ṣe ohun tí kò dáa, ẹ má wo ojú mi." Ará Ìbàdàn ń sọ ọ́, ará Kinshasa ń sọ ọ́, ará Maputo náà ń sọ ọ́, kálukú pẹ̀lú ohùn tirẹ̀. Mo mọ iyì ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹni tó ń sọ ọ́ fọkàn tán ilé ìwé, ó sì fọkàn tán Ọlọ́run tí ilé ìwé náà ń ké pè láràárọ̀. Síbẹ̀, ó ti pẹ́ tí mo ti ń dá wọn lóhùn pé mi ò gbà á bẹ́ẹ̀. Màá ní kí wọ́n jókòó ná. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ọdún mẹ́tàlá kò ṣeé gbé síbì kan kí ẹni tó gbé e wá máa bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí à ń gbé, kí ọ̀rọ̀ mi lè yé ẹni tí kò dé ibẹ̀ rí. Rosettenville wà ní gúúsù ìlú, ní òdìkejì àwọn òkìtì erùpẹ̀ tí àwọn awakùsà góòlù kó jọ láyé àtijọ́. Àwọn òyìnbó òṣìṣẹ́ ló kọ́kọ́ pọ̀ níbẹ̀. Nígbà tí Mòsáńbíìkì àti Àǹgólà gba òmìnira lọ́dún 1975, àwọn Potogí rọ́ wá kún àwọn tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn tí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà kógbá sílé lọ́dún 1994, àwa ọmọ Áfíríkà láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè náà dé. Lónìí, tí èèyàn bá rin Main Street, á gbọ́ èdè Potogí, Lingala, Súlú, Ìgbò àti Yorùbá kó tó dé ibi tó ń lọ. Ilé kan lè gba ìdílé mẹ́rin, torí wọ́n ti kọ́ yàrá sẹ́yìnkùlé, wọ́n sì ti pín gáréèjì. Ìdájí ni ọ̀pọ̀ òbí ti ń wọ tákísí lọ síbi iṣẹ́: ẹni tó ń ṣọ́ ilé ìtajà, ẹni tó ń dirun láàárín ìlú, nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́. Ilẹ̀ ti máa ń ṣú kí wọ́n tó padà.

Gbogbo wa la gbọ́ ọ lẹ́nu àgbà pé ẹnì kan ló ń bímọ, igba èèyàn ló ń bá a tọ́ ọ. Ní Rosettenville, igba èèyàn yẹn ò sí. Ìyá àgbà wà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá wà ní Ìkòròdú. Aládùúgbò tó rí ọmọ ẹ lẹ́nu ọ̀nà ilé ọtí kò mọ orúkọ ọmọ náà, bó bá sì mọ̀ ọ́n, ẹ̀rù á bà á láti bá a wí, torí àlejò lòun náà. Nítorí náà, nígbà tí òbí bá dé ilé ìwé tí wọ́n ti ń gbàdúrà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, tí aṣọ ọmọ mọ́, tí ọmọ ń kí àgbà, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀ pé òun ti rí agboolé tí òun fi sílẹ̀ nílé. Mi ò bá a jà. Àmọ́ ilé ìwé tí ọmọ ń dé láàárọ̀ tó sì ń kúrò níbẹ̀ lọ́sàn-án kò lè di agboolé láé. Ìrọ̀lẹ́ kù, òru kù, ọjọ́ Sátidé sì kù.

Nílẹ̀ Rosettenville yìí kan náà, ilé ìwé kan ti wà rí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ agboolé. Àwọn àlùfáà Áńgílíkà tí wọ́n ń pè ní Community of the Resurrection, tí olú ilé wọn wà ní Mirfield nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló dá a sílẹ̀. Wọ́n ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà níbẹ̀; ibẹ̀ ni Desmond Tutu ti kẹ́kọ̀ọ́ kí wọ́n tó fi í joyè díákónì lọ́dún 1960. Wọ́n sì ní ilé ìwé girama fún àwọn ọmọ dúdú, St Peter's, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń sùn sí. Oliver Tambo ajàfómìnira yege nínú mátíríìkì, ìdánwò ìparí girama, níbẹ̀ lọ́dún 1938 ní ìpele kìíní. Bàbá rẹ̀, Mzimeni, ọmọ ìgbèríko Kantolo lẹ́bàá Bizana, kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó ti pinnu pé ọmọ òun gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n. Lọ́dún 1943, Tambo padà wá sí St Peter's, ó ń kọ́ni ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Duma Nokwe wà lára àwọn tó kọ́, ẹni tó wá di amòfin dúdú àkọ́kọ́ tó gbàṣẹ láti máa rojọ́ ní ilé ẹjọ́ gíga Transvaal. Andrew Mlangeni náà wà lára wọn, tí wọ́n wá jù sẹ́wọ̀n ní Robben Island pẹ̀lú Mandela. Èmi tí mo ń kọ́ni ní ìṣirò ní àdúgbò kan náà kò lè gbàgbé ẹni tó ti di ṣọ́ọ̀kì mú níbẹ̀ ṣáájú mi.

Ọmọ St Peter's mìíràn tó kan àwa Yorùbá gan-an ni Es'kia Mphahlele. Iṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ ni ìyá rẹ̀, Eva, ń ṣe nílé àwọn òyìnbó ní Pretoria. Nínú owó yẹn ló ti rán an lọ sí St Peter's lọ́dún 1935. Nígbà tí ọmọ náà dàgbà tó di olùkọ́, tí ìjọba lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́ torí pé ó tako ètò ẹ̀kọ́ wọn, Nàìjíríà ló forí lé lọ́dún 1957. CMS Grammar School l'Ékòó, ilé ìwé ìjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1859, ló ti kọ́kọ́ kọ́ni kó tó lọ sí Ìbàdàn. Àwọn bàbá wa kan jókòó ní kíláàsì ọkùnrin tí ìyá rẹ̀ fọ aṣọ, tó sì nu ilẹ̀ fún ẹlòmíràn kí ọmọ lè dé Rosettenville. Mo máa ń sọ ìtàn yìí fún àwọn ìyá tí ojú ń tì torí pé wọn ò lè ka ríìpọ́ọ̀tì ọmọ wọn. Òbí tí kò mọ̀wé ní ohun tó ń mú wá sórí tábìlì, ilé ìwé ló gbọ́dọ̀ mọ bí yóò ṣe gbà á.

Lára gbogbo ọmọ St Peter's, ẹni tí mo máa ń ronú nípa rẹ̀ jù ni Hugh Masekela, torí pé òun ló jọ àwọn ọmọ tí wọ́n ń kó wá bá mi. Ilé rere ló ti wá. Òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó ni bàbá rẹ̀, tó tún ń gbẹ́ ère. Iṣẹ́ ìrànlọ́wọ́ fún àwùjọ ni ìyá rẹ̀ ń ṣe. Ìyẹn ò ní kó má yọ ilé ìwé lẹ́nu. Wàhálà rẹ̀ pọ̀ débi pé Trevor Huddleston, àlùfáà tó ń bójú tó ilé ìwé náà nígbà yẹn, pè é, ó bi í pé kí ló fẹ́ fi ayé rẹ̀ ṣe gan-an. Ọmọ náà ti wo fíìmù kan, Young Man with a Horn, tó dá lórí ìgbésí ayé afunfèrè kan. Ó ní bí òun bá rí fèrè trumpet, òun ò ní yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu mọ́. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni. Huddleston wá fèrè náà rà fún un, ó sì wá àgbà afunfèrè kan láti inú ẹgbẹ́ onífèrè ìjọba ìbílẹ̀ Johannesburg pé kó máa kọ́ ọ. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọ yòókù fi ń béèrè tiwọn, Jonas Gwangwa wà lára wọn, ẹgbẹ́ olórin sì dìde nínú ilé ìwé náà. Nígbà tí Huddleston dé Amẹ́ríkà, ó sọ̀rọ̀ náà fún Louis Armstrong, Armstrong sì fi fèrè tirẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn ní Johannesburg.

Àwọn èèyàn máa ń ka ìtàn yìí bí ìtàn orin. Èmi ń kà á bí ìtàn ìbéèrè. Àgbà ọkùnrin kan, àlùfáà, tó láṣẹ láti lé ọmọ náà kúrò nílé ìwé, fi àṣẹ yẹn sílẹ̀, ó sì béèrè ohun tó ń bẹ nínú ọmọ. Bí ó bá jẹ́ bàbá ọmọ nìkan ló pè, ohun tí bàbá náà mọ̀ nìkan ni wọn ì bá sọ. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé lọ́dọ̀ tèmi, bí a bá fẹ́ ṣèpàdé lórí ọmọ kan, ọmọ náà gbọ́dọ̀ jókòó síbẹ̀, òun ló sì ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Àwọn òbí wa kì í fẹ́ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Wọ́n á ní ta ni yóò bi ọmọdé léèrè níbi tí àgbà jókòó sí. Màá ní kó dọ̀bálẹ̀, kó kúnlẹ̀, kó kí gbogbo wa bó ṣe yẹ, lẹ́yìn náà kó sọ tẹnu rẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbà ò wọ kèrègbè. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ohun tí a wá sí ìpàdé láti yanjú ti ń wà nínú gbólóhùn kejì tí ọmọ bá sọ, tó jẹ́ pé ìyá ò mọ̀ ọ́n, olùkọ́ náà ò mọ̀ ọ́n.

Bí St Peter's ṣe parí kọ́ mi ní nǹkan mìíràn nípa òbí àti ilé ìwé. Lọ́dún 1953, ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà ṣe Òfin Ẹ̀kọ́ Bantu. Hendrik Verwoerd, tó jẹ́ mínísítà fún ọ̀rọ̀ àwọn dúdú, sọ ọ́ gbangba pé ẹ̀kọ́ tó bá ipò ìránṣẹ́ mu ni òun fẹ́ fún ọmọ dúdú. Wọ́n ní kí àwọn ìjọ kó ilé ìwé wọn fún ìjọba, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, owó ìrànwọ́ fún owó oṣù olùkọ́ á dáwọ́ dúró. Oṣù Igbe 1955 ni òfin náà mú ilé ìwé. Oṣù mẹ́ta péré ṣáájú, lọ́jọ́ 17 oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1955, ìjọba Awólọ́wọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ fún gbogbo ọmọ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà. Nínú ọdún kan náà, ilẹ̀ kan ń ṣí ilẹ̀kùn fún ọmọ dúdú, ìkejì ń fà á tì mọ́ ọn lójú.

Àwọn ìjọ ò fẹnu kò. Ọ̀pọ̀ kó ilé ìwé wọn fún ìjọba. Àwọn Kátólíìkì di tiwọn mú, wọ́n ń fi owó ara wọn ṣe é. Bíṣọ́ọ̀bù Ambrose Reeves ti Johannesburg ní òun ò ní kó ọmọ fún irú ẹ̀kọ́ yẹn, ó sì ti àwọn ilé ìwé ìjọ rẹ̀ pa. St Peter's parí iṣẹ́ lópin ọdún 1956. Mo gbà pé ẹ̀rí ọkàn ló sún wọn ṣe é, mo sì bọ̀wọ̀ fún un. Àmọ́ nígbà tí mo bá ro àwọn ìyá tó ń nu ilẹ̀ bíi ti Mphahlele, mo mọ̀ pé kò sẹ́ni tó bi wọ́n kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn ilé ìwé tí wọ́n ń fi òógùn wọn sanwó fún. Ìjọba ní tiwọn dá ìgbìmọ̀ ilé ìwé sílẹ̀, wọ́n fi òbí sínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ tí kò lágbára lórí ohun tí wọ́n ń kọ́ ọmọ ni. Ìjọba lo àwọn òbí náà láti fi bo ojú iṣẹ́ rẹ̀. Kí òbí jókòó sípàdé àti kí òbí ní ẹnu níbẹ̀, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Àwọn tó ṣe Òfin Ilé Ìwé ti 1996 mọ ìyàtọ̀ náà: nínú ìgbìmọ̀ alákòóso ilé ìwé ìjọba lónìí, àwọn òbí gbọ́dọ̀ fi ẹnì kan pọ̀ ju gbogbo àwọn yòókù tó ń dìbò lọ. Òfin ò fi dandan yẹn mú ilé ìwé aládàáni bíi tiwa. Ọ̀pọ̀ wa ló sì ń fi ìyẹn ṣe àwáwí, a ń pe òbí kìkì nígbà tí owó ilé ìwé bá kù. Ilé ìwé Áńgílíkà mìíràn, St Martin's, ló gba ilẹ̀ St Peter's lọ́dún 1958. Ọmọ òyìnbó ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún nígbà náà, àwọn ọmọ oríṣiríṣi ló ń kàwé níbẹ̀ báyìí.

Ní ti ẹgba, mo mọ̀ pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ òǹkàwé mi ń retí kí n dé. Òfin 1996 yẹn kan náà ló fi òpin sí nína ọmọ ní gbogbo ilé ìwé South Africa. Ẹgbẹ́ àwọn ilé ìwé Kristẹni kan, Christian Education South Africa, tó ní ilé ìwé 196 lábẹ́ rẹ̀, gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́. Wọ́n ní àwọn òbí ló fọwọ́ sí i pé kí olùkọ́ máa na ọmọ lórúkọ àwọn, wọ́n sì tọ́ka sí Ìwé Òwe. Lọ́jọ́ 18 oṣù Ògún 2000, Ilé Ẹjọ́ Òfin Orílẹ̀-èdè, Adájọ́ Albie Sachs ló kọ ìdájọ́ náà, sọ pé rárá: òbí ò lè fi àṣẹ ẹgba rán olùkọ́. Nílé, ẹgba ṣì wà lọ́wọ́ òbí nígbà yẹn. Lọ́jọ́ 18 oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ 2019, ilé ẹjọ́ náà gba ìyẹn pẹ̀lú lọ́wọ́ òbí. Ẹjọ́ bàbá kan ní Johannesburg tó lu ọmọ rẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́tàlá ló dé ibẹ̀. Ẹni tó kọ ìdájọ́ kejì yìí ni Adájọ́ Àgbà ìgbà náà, Mogoeng Mogoeng, tóun fúnra rẹ̀ jẹ́ oníwàásù nínú Winners' Chapel, ìjọ tí ọmọ Yorùbá, Bíṣọ́ọ̀bù Oyèdépò, dá sílẹ̀.

Síbẹ̀, òbí ṣì ń fà mí ní aṣọ lẹ́yìn ìpàdé pé, "Mà, ẹ bá mi nà án, mi ò ní fẹjọ́ yín sùn." Mi ò kì í bínú sí wọn. Bí wọ́n ṣe tọ́ wọn nìyẹn, bí wọ́n ṣe tọ́ èmi náà nìyẹn, a sì dàgbà. Ṣùgbọ́n ohun tí mo ti rí láàárín àwọn ọmọ Grade 9 àti 10 ni pé ọmọ tó bá ń bẹ̀rù ẹgba ń di ọ̀gá nínú ìfinǹkanpamọ́. Ó ní fóònù kejì. Ó ní ọ̀rẹ́ tó ń parọ́ fún un. Bàbá tó ń nà án gbà pé ọmọ ti tún ìwà ṣe, nígbà tó jẹ́ pé ọmọ kàn ti jìnnà sí i ni. Nígbà tí ẹgba kúrò lọ́wọ́ àwa méjèèjì, òbí àti olùkọ́, ọ̀rọ̀ sísọ ló kù, ọ̀rọ̀ sísọ sì gba àkókò. Òbí tó ń ti tákísí bọ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ wíwú kò ní agbára púpọ̀ fún un. Níbẹ̀ ni ó ti yẹ kí ilé ìwé wúlò fún un: kí ó mọ̀ kó tó délé ohun tí ọmọ rẹ̀ bá pàdé lọ́jọ́ náà, kó lè bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ láti ibì kan.

Nǹkan kéékèèké ló ń mú un ṣeé ṣe. Nínú oṣù àkọ́kọ́, olùkọ́ kíláàsì gbọ́dọ̀ pe òbí kọ̀ọ̀kan láti sọ ohun rere kan nípa ọmọ. Ẹ ò lè mọ bí ó ti rí. Nọ́ńbà ilé ìwé á yọ lórí fóònù, ìyá á gbé e, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ á jẹ́, "Kí ló tún ṣe?" Olùkọ́ á ní kò ṣe nǹkan kan o, ó ran ọmọ tuntun kan lọ́wọ́ lónìí ni. Gbogbo rẹ̀ á dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lọ́jọ́ tí wàhálà bá dé, ìyá yẹn á gbé fóònù, á sì gbọ́ wa dópin. Ìpàdé òbí, a gbé e kúrò lọ́jọ́ Sátidé, torí ọjọ́ yẹn ni onísọ́ọ̀bù àti onídìrí ń pawó. A gbé e sí ọ̀sán Sunday, lẹ́yìn ìsìn. Lórí WhatsApp àwọn òbí, òfin kan péré la ní: ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ dárúkọ ọmọ ẹlẹ́ṣẹ̀ níbẹ̀. Ọmọ tí gbogbo àdúgbò ti dá lẹ́bi lórí fóònù kì í wá sí ilé ìwé lọ́jọ́ kejì.

Ẹnìkan wà tí kò sí ìwé kankan tó kà á mọ́ àwọn tó ń tọ́ ọmọ, ìyẹn awakọ̀ tó ń kó àwọn ọmọ wá sílé ìwé. Òun ló mọ ẹni tí òórùn sìgá wà lára rẹ̀, ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ ní igun tí kì í ṣe tilé wọn, ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ mọ́ láti ọjọ́ méjì. Nígbà tí a kọ́kọ́ pe àwọn awakọ̀ sípàdé, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni wọ́n dúró sí, fìlà lọ́wọ́, wọ́n rò pé a fẹ́ bá wọn jà lórí ọkọ̀. A fún wọn ní àga iwájú. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọ Mòsáńbíìkì, sọ fún wa lọ́jọ́ náà ohun tó ti ń ṣẹlẹ̀ lẹ́bàá adágún Wemmer Pan lọ́sàn-án Friday láti oṣù méjì, tí àwa tí a ní ìwé ẹ̀rí lórí ọ̀rọ̀ ọ̀dọ́ ò gbọ́ nípa rẹ̀ rárá.

Torí pé ilé ìwé Kristẹni ni wá, ìgbàgbọ́ náà gbọ́dọ̀ wà lórí tábìlì. Ọmọ tó bá ṣe ìṣọ́ òru lálẹ́ Sunday, tó ń sùn lórí ìwé láàárọ̀ Monday, mo máa ń sọ fún òbí rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé Ọlọ́run tí wọ́n ń pè lóru ló dá oorun. Mo ti kọ lẹ́tà sí pásítọ̀, mo ti lọ rí pásítọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló gbọ́. Nígbà míì, wọ́n á gbé ọmọ tó kùnà ìṣirò lọ gbàdúrà ìdáǹdè, nígbà tó jẹ́ pé dígí ojú ló nílò. Àwọn Mùsùlùmí náà wà láàárín wa, Yorùbá sì mọ irú èyí tipẹ́: ọ̀pọ̀ alhaja ló gba ilé ìwé ìjọ kọjá. Ohun tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ wa ni kí a má fi ọmọ wọn ṣẹ̀sín, kí ohun tí a sì ń wàásù rẹ̀ hàn nínú bí a ṣe ń bá ọmọ sọ̀rọ̀. Ìyẹn tọ́ sí gbogbo òbí.

Àwọn ọdún kan wà tí ìgboro fúnra rẹ̀ wọ inú kíláàsì. Ní oṣù Èrèlé 2017, àwọn ará àdúgbò dáná sun ilé mélòó kan ní Rosettenville. Wọ́n ní ilé oògùn olóró àti aṣẹ́wó ni, wọ́n sì ń dárúkọ ọmọ Nàìjíríà. Ọmọ tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ ti Yorùbá mọ̀ lọ́jọ́ kejì pé ẹni tó jókòó tì í ti gbọ́ ìròyìn náà lọ́nà tirẹ̀. Bí ilé bá dákẹ́ tí ilé ìwé sì dákẹ́ nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, fóònù ni yóò tọ́ ọmọ. Lọ́dún 2022, lálẹ́ tí ilẹ̀ ọjọ́ 26 oṣù Òkúdù fi mọ́, ọ̀dọ́ 21 kú nílé ọtí Enyobeni ní East London, púpọ̀ nínú wọn ni kò tíì pé ọdún 18. Wọ́n ń ṣayẹyẹ ìparí ìdánwò, ohun tí wọ́n ń pè ní Pens Down. Gbogbo ilé ìwé girama ní South Africa ló mọ irú alẹ́ yẹn. Ilé ìwé ti parí, ó rò pé ọmọ wà nílé. Òbí rò pé ayẹyẹ ilé ìwé ni. Láti ìgbà náà, ọ̀sẹ̀ tí ìdánwò bá parí, a máa ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí gbogbo òbí láti sọ wákàtí tí ilé ìwé tú àti pé kò sí ayẹyẹ kankan tí orúkọ wa wà lórí rẹ̀.

Ọ̀kan lára àwọn ọ̀rọ̀ tó máa ń wá sí tábìlì mi jù ni ti òbí tó fẹ́ fi ọmọ ránṣẹ́ sílé. Bàbá kan dé lọ́dún kan, ọmọ rẹ̀ obìnrin wà ní Grade 10. Máàkì ọmọ náà ti já wálẹ̀, ó ń sùn ní kíláàsì, ó sì dá olùkọ́ kan lóhùn lọ́nà tí kò dáa. Bàbá ti bá ilé ìwé kan ní Ọ̀yọ́ sọ̀rọ̀, ìwé àṣẹ ìrìnnà nìkan ló kù. Ó ní, "Mà, ìlú yìí ti bà á jẹ́. Kó lọ síbi tí wọ́n á ti kọ́ ọ ní ìwà." Mo ní kó jẹ́ kí ọmọ jókòó tì wá. Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó kí wa, ó jókòó sí etí àga. Mo bi í pé kí ló ń ṣe láti ìgbà tó bá kúrò lọ́dọ̀ wa títí di ìgbà tó bá sùn.

Ó kà á fún wa. Ó ń lọ mú àbúrò méjì nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó ń se oúnjẹ, ó ń fọ aṣọ ilé ìwé wọn torí ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ní. Ó ń ràn wọ́n lọ́wọ́ lórí iṣẹ́ àṣetiléwá. Ìyá wọn ń ṣiṣẹ́ alẹ́. Bàbá ń pa sọ́ọ̀bù lẹ́yìn aago mẹ́jọ. Nígbà tí àbúrò kékeré bá sùn ni òun ń ṣí ìwé tòun, nígbà yẹn iná ti lè lọ. Kò sunkún, kò fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni. Bàbá rẹ̀ ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó bi í ní Yorùbá, ní ohùn tí mi ò tíì gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí, "Ìwọ lò ń fọ gbogbo aṣọ yẹn?" Ọmọ ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Dádì."

Ohun tí a fẹnu kò lé lórí lọ́jọ́ náà kò le. Ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, ó ń dúró sílé ìwé títí di aago mẹ́rin ààbọ̀ láti ka ìwé, ìyàwó pásítọ̀ wọn ń bá wọn mú àwọn ọmọ kékeré. Bàbá ra aṣọ ilé ìwé kejì fún àwọn àbúrò, ó sì ń pe ilé ní aago mẹ́fà láti bi ọmọbìnrin rẹ̀ bó ṣe ṣe sí lọ́jọ́ náà, kí ó tó béèrè nípa oúnjẹ. Ọmọ náà tọrọ àforíjì lọ́wọ́ olùkọ́ tó dá lóhùn, torí ìyẹn ò ní àwáwí. Máàkì rẹ̀ kò gòkè lẹ́ẹ̀kan náà. Ìṣirò ṣì ń dà á láàmú títí di mátíríìkì. Ọ̀rọ̀ Ọ̀yọ́ kò tún wáyé mọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, mo bẹ ọ̀gá ilé ìwé wa, a sì fi ìbéèrè kan kún fọ́ọ̀mù ìgbaniwọlé, lábẹ́ ibi tí wọ́n ti ń kọ orúkọ ìjọ àti nọ́ńbà fóònù: ta ló ń wà nílé láago mẹ́ta ọ̀sán? Ọ̀pọ̀ òbí ló ń fi ibẹ̀ sílẹ̀ láìkọ nǹkan kan. Àwọn ni mo ń kọ́kọ́ pè.